Captain Davies, Bàbá Àgbà Ilé Ìwé Wa

  

Mo mọ̀ pé ibi tí àwòrán sẹ́tì yín wà lẹ fẹ́ ṣí ìwé yìí sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá mi jókòó díẹ̀. Gbèsè kan ló wà lọ́rùn mi tí mo fẹ́ san, ó sì lè jẹ́ pé ó wà lọ́rùn ẹ̀yin náà.

Ọmọ ọmọ mi kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo ń sọ fún un bí wọ́n ṣe dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó, lọ́jọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1859, tí Alùfáà Thomas Babington Macaulay fi ọmọkùnrin 6 péré bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo wọn ń gbé inú ilé ìwé. Mo ń sọ ọ́, orí mi ń wú. Ọmọ náà gbọ́ tán, ó wá bi mí ní ohun kan ṣoṣo: ta ló sanwó ìwé tí àwọn ọmọ mẹ́fà náà kọ́kọ́ kà?

Ẹ̀yin ará, mo dákẹ́ lọ gbári. Èmi tí mo lo ọdún márùn-ún níbẹ̀, tí mo lè ka orúkọ gbogbo ẹni tó bá mi sùn ní dọ́mítírì lójú oorun, mi ò mọ ẹni tó sanwó ìwé. Mi ò dá olùkọ́ kankan lẹ́bi. Èmi ni mi ò béèrè. Mo bá lọ wádìí, ohun tí mo sì rí nìyí.

James Pinson Labulo Davies lorúkọ ẹni náà. Èkó kọ́ ni wọ́n ti bí i, Sàró ni. Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1828 ni wọ́n bí i ní Bathurst, abúlé kan nítòsí Freetown. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé ni. Ẹ̀gbá ni bàbá rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá rẹ̀. Kí ló wá gbé Ẹ̀gbá àti ará Ògbómọ̀ṣọ́ dé Sàró? Ogun ló kó wọn, wọ́n tà wọ́n, ọkọ̀ ẹrú sì ti gbé wọn sójú òkun kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó dá ọkọ̀ náà dúró.

Ẹ rántí pé láti ọdún 1808 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ní àwọn ọkọ̀ ogun tó ń ṣọ́ etí òkun ilẹ̀ wa. Iṣẹ́ wọn ni láti lé ọkọ̀ ẹrú bá, kí wọ́n mú un, kí wọ́n sì kó àwọn èèyàn inú rẹ̀ lọ sí Freetown láti tú wọn sílẹ̀. Nǹkan bí 150,000 èèyàn ni wọ́n gbà sílẹ̀ báyìí kí iṣẹ́ náà tó parí. Àjàyí ọmọ Òṣogùn, tó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, wà nínú wọn; ọdún 1822 ni wọ́n gba tirẹ̀. Bàbá àti ìyá Davies náà wà nínú wọn.

Ẹ wá rò ó wò. Bí kì í bá ṣe ọkọ̀ ogun yẹn, oko ìrèké ní Brazil tàbí Cuba ni wọn ì bá bí ọmọ yìí sí, bí wọ́n bá tilẹ̀ bí i rárá. Ọmọ tó dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kò yà mí lẹ́nu pé ojú òkun ló wù ú.

Ó kọ́kọ́ kàwé ná. Grammar School tí àwọn CMS dá sílẹ̀ ní Freetown lọ́dún 1845 ló lọ. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa, torí pé ilé ìwé yẹn ni tiwa fi jọ. Ó kọ́ ìṣirò, ó kọ́ èdè Látìn àti ti Gíríìkì, ó sì ṣe olùkọ́ níbẹ̀ ní Freetown fúngbà díẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 1850 wọlé, ó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní HMS Volcano. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tó ń lé ọkọ̀ ẹrú nìyẹn. Wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́ títu ọkọ̀, títí ó fi di ọ̀gá, tó sì gba oyè Lẹ́fútẹ́nántì. Ọmọ àwọn tí wọ́n yọ nínú ọkọ̀ ẹrú ti wá di ẹni tó ń lé ọkọ̀ ẹrú kiri.

Bí mo bá dúró síbí, ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣòro.

Ní ọjọ́ 26 àti 27 oṣù kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dojú àgbá kọ Èkó. Wọ́n ní torí kí òwò ẹrú lè dópin ni, kí wọ́n sì lè lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, kí Akítóyè padà sórí oyè. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà ni HMS Bloodhound, inú rẹ̀ sì ni Davies wà. Èèyàn kú, iná sì jó ìlú. Kòsọ́kọ́ sá kúrò, ó sì wá fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ibùgbé. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852, Akítóyè fọwọ́ sí ìwé pé òwò ẹrú ti tán ní Èkó. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ ọdún 1861, Èkó fúnra rẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó àti ọmọ Ẹ̀pẹ́ wà nínú wa tí kò ní pàtẹ́wọ́ fún ibí yìí. Wọn ò jẹ̀bi. Ilé bàbá àgbà wọn ló jóná. Àwọn mìíràn á ní, àbí irú èbúté bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń kó bàbá wa sọ́kọ̀? Àwọn náà ò jẹ̀bi. Ọkùnrin ọdún 23 ni Davies nígbà yẹn, iṣẹ́ ogun ló wà, ohun tí wọ́n rán an ló sì ṣe. Mi ò lè wọ inú rẹ̀ lọ wo ohun tó rò. Ohun tí mo rí ni pé ìlú tí àgbá ọkọ̀ rẹ̀ bà jẹ́ yẹn náà ló padà wá gbé. Kò padà lọ jókòó sí Sàró, kò sì lọ di ará London. Èkó ló fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣe.

Lọ́dún 1852 ló fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀. Ó di ọ̀gá ọkọ̀ oníṣòwò, ó ń tukọ̀ lọ tukọ̀ bọ̀ ní gbogbo etí òkun ilẹ̀ Aláwọ̀ Dúdú níhà ìwọ̀-oòrùn. Ibẹ̀ ló ti di Captain Davies lẹ́nu gbogbo ayé. Ní 1856 ó fi Èkó ṣe ibùjókòó, ó ń ṣòwò epo pupa àti àwọn ọjà mìíràn, ajé sì bù ú ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ìbéèrè ọmọ ọmọ mi. Babington Macaulay, ọkọ Abigail ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, fẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin ní Èkó. Ìmọ̀ wà lórí, ìpinnu wà láyà, owó ni kò sí lápò. Ní oṣù kẹrin ọdún 1859, Captain Davies fi £50 lé e lọ́wọ́ pé kó fi ra ìwé àti ohun èlò. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn ní ilé kékeré kan ní Broad Street, tí wọ́n ń pè ní Cotton House. £50 ìgbà náà kì í ṣe owó tí èèyàn ń fi tajú kán wo ẹni o. Lọ́dún 1867 tí wọ́n ń dáwó ilé, ọkùnrin náà tún mú £100 wá.

Kò ní ọmọ kankan nílé tí yóò fi sílé ìwé lọ́jọ́ tó mú £50 yẹn jáde. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn. Ọdún 1859 yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ìyàwó àkọ́fẹ́ rẹ̀, Matilda, ọmọ Havana ní Cuba. Kò pé ọdún kan tí ìyàwó náà fi kú. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló rawó ìwé fún.

Ìyàwó kejì tó fẹ́, ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Àìná lorúkọ tó mú tọ̀run wá, ọmọ Òkè-Ọdàn ní ilẹ̀ Yewa, tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò nígbà kan. Ọdún 1848 ni ogun Dàhòmì kó o nígbà tó wà lọ́mọ ọdún bíi márùn-ún. Lọ́dún 1850, Ọba Ghezo ti Dàhòmì fi í ta Captain Frederick Forbes lọ́rẹ fún Ọbabìnrin Victoria. Ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi ni Forbes náà, HMS Bonetta lorúkọ ọkọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọmọ náà ní Sarah Forbes Bonetta. Ọbabìnrin gba ìtọ́jú rẹ̀, ó ń sanwó ìwé rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1862, òun àti Captain Davies ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton. Ọjọ́ ìbí ọkọ ni, ó pé ọdún 34 géérégé. Ayàwòrán kan ní London, Camille Silvy, ya wọ́n lọ́dún náà, àwòrán ọ̀hún wà títí dòní. Ẹ wá a wò bí ẹ bá ráyè. Ọkùnrin náà dúró ṣánṣán bí ológun.

Nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí wọn lọ́dún 1863, orúkọ Ọbabìnrin ni wọ́n sọ ọ́, Victoria, Ọbabìnrin sì ṣe ìyá ìsàmì fún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bí Arthur àti Stella.

Ìgbà yẹn ni ìràwọ̀ rẹ̀ wà lókè. Lọ́dún 1866, nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Èkó tí wọ́n ń pè ní The Academy, fún ìmọ̀ àti àṣà, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníṣòwò inú wa mọ bí ọjà ṣe ń rí. Àwìn ni oníṣòwò Èkó ń gbà lọ́dọ̀ àwọn ará Manchester àti London nígbà náà: wọn á kó aṣọ àti ọjà wá, wọn á fi epo san án. Bí owó epo bá já wálẹ̀, tàbí tí ogun òkè ọ̀hún bá dínà, gbèsè ń ga nìyẹn. Láàárín ọdún 1870 sí 1880, gbèsè wọ Captain Davies lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ di ti kóòtù, wọ́n kéde pé kò lè san gbèsè, dúkìá tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ sì ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó ń fún ilé ìwé lówó láná ló di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́.

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ibi báyìí ti pa. Mo mọ díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí òwò wọn ti dẹnu kọlẹ̀ ni wọn ò ti yọjú sí ìpàdé mọ́. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ń ka ìwé yìí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tó kù yìí.

Captain Davies kò fi ilé pamọ́ sórí. Ó gba oko lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1879 sí 1880, ó rí hóró kòkó gbà lára ọkọ̀ kan tó ti Brazil wá, ó tún rí gbà láti erékùṣù Fernando Po, ó sì gbìn ín sí oko rẹ̀ ní Ijon, ní ìhà Agége. Kòkó kì í ṣe àgbàdo o. Ọdún mẹ́rin, márùn-ún ni èèyàn ń dúró kó tó so. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó wà nínú gbèsè, ló ń gbin igi tí kò lè jẹ nínú rẹ̀ lọ́la.

Inú ìṣòro yìí ni Àìná wà nígbà tí ikọ́ fée dá a dúbúlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Madeira torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1880. Ẹ ṣírò ó: ó ku ọjọ́ kan lẹ́yìn ọjọ́ ìbí ọkọ rẹ̀, tó tún jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó. Òkun ló wà láàárín òun àti Èkó. Ọkọ rẹ̀ gbé òpó òkúta kan nàró ní ìrántí rẹ̀, àárín oko kòkó yẹn ní Ijon ló gbé e sí.

Kòkó náà wá ńkọ́? Ó gbalẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Agége kọ́ ọ, J. K. Coker sì ṣáájú wọn. Àwọn lébìrà tó wá ṣiṣẹ́ lóko wọn láti òkè ń mú hóró àti ìmọ̀ náà lọ sílé nígbà tí wọ́n bá ń padà. Bí kòkó ṣe ń wọ ilẹ̀ Yorùbá lọ nìyẹn. Owó kòkó ló wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́dún 1955. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: mélòó nínú wa ni kì í ṣe owó kòkó ni bàbá rẹ̀ fi san owó ilé ìwé? Captain Davies rawó ìwé fún wa lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú £50, ó tún rà á lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú hóró kòkó. Mi ò ní òun nìkan ló mú kòkó wá. Àwọn mìíràn náà gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ó wà níwájú.

Ó di bàbá àgbà bí gbogbo wa ti ń dà á. Victoria ọmọ rẹ̀ fẹ́ Dókítà John Randle lọ́dún 1890, wọ́n bí Beatrice àti Jack. Dókítà Randle yìí ló kọ́ odò ìwẹ̀ sí Oníkàn lọ́dún 1928 kí àwọn ọmọ Èkó lè mọ omi wẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ilé àṣà Yorùbá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà báyìí. Àna ọmọ ogun ojú omi ló kọ́ ọmọ Èkó ní omi wíwẹ̀. Ẹ ò rí i pé ó bá a mu?

Ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1906 ni Captain Davies kú, ọmọ ọdún 77. Ibi ìsìnkú Àjẹlẹ̀ ní Èkó ni wọ́n sin ín sí, láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìbànújẹ́ tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́dún 1971, ìjọba wó ibi ìsìnkú náà láti fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́lé. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mú òdòdó lọ sí ojú oórì rẹ̀ lọ́la, kò síbi tí ẹ máa gbé e sí.

Kò tán síbẹ̀ o. Stella ọmọ rẹ̀ bí ọmọbìnrin kan fún Herbert Macaulay. Ta ni Herbert Macaulay? Ọmọ Babington Macaulay ni, ọmọ ẹni tí Captain fi £50 lé lọ́wọ́! Láti ìdílé yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Adadevoh ti jáde, ẹni tó ṣe gíwá Yunifásítì Èkó. Ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n náà sì ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh. Ẹ rántí oṣù keje ọdún 2014, nígbà tí ọkùnrin kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Wọ́n ní kí wọ́n dá ọkùnrin náà sílẹ̀ kó máa lọ, dókítà yìí kọ̀ jálẹ̀, kò jẹ́ kó kúrò. Àrùn náà ràn án, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún náà. Èèyàn 20 péré ni àrùn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà, 8 kú nínú wọn. Ìlú ńlá bí Èkó! Bí wọ́n bá jẹ́ kí ọkùnrin yẹn jáde, èmi tí mò ń kọ èyí àti ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, bóyá la ò bá pàdé lọ́dún yìí. Bàbá ńlá rẹ̀ dúró lójú òkun, ó ń dá ọkọ̀ ẹrú dúró. Òun dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi mú lọ sílé. Gbogbo ohun tí Captain Davies kó jọ fún ara rẹ̀ ló lọ. Gbèsè kó owó, ìjọba wó ibojì. Èyí tó fún ẹlòmíràn ni kò lọ. Ìwé tó rà, a ṣì ń kà á. Kòkó tó gbìn, wọ́n ṣì ń ká a. Ọmọ tó bí, wọ́n gba wá là.

Nítorí náà, bí kọ́mítì bá gbé ìwé ìdáwó dé iwájú sẹ́tì yín lálẹ́ òní, ẹ má wo ojú ara yín. Ẹni tó ní, kó mú un wá nígbà tó wà lọ́wọ́, torí a ò mọ ọ̀la. Ẹni tí kò sì ní lọ́wọ́ yìí, kó má torí ẹ̀ sá fún wa. Kó wá jókòó, ká jọ jẹun, ká jọ rẹ́rìn-ín. Bóyá òun ni kòkó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ padà délé, kí ẹ pe ọmọ ọmọ yín kan, kí ẹ sọ orúkọ náà fún un: James Pinson Labulo Davies. Nígbà tí kò ti sí ibojì mọ́, ẹnu wa ló kù tí a lè sin ín sí. Èmi ti sọ ọ́ fún tèmi. Mo ti san díẹ̀ nínú gbèsè mi.